Áàpù Tí Yóò Bá Wa Sọ Ẹrù Ọkàn Kalẹ̀: Èsì Wo La Fẹ́ Fún Àwọn Ọmọ Wọ̀nyí?

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá gbogbo ìyá ọjà sọ ní ìpàdé oṣooṣù

  

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ohun tó gbé mi dìde. Àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wá bá ìgbìmọ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe áàpù kan, ìyẹn ohun tí a máa ń gbé sórí fóònù bíi WhatsApp, tí yóò máa ran ọlọ́jà lọ́wọ́ láti tọ́jú ara ẹ̀ nígbà tí másùn-máwo bá pọ̀. Wọn ò gbé e wá tà. Wọ́n wá bèèrè pé, ẹ̀yin ìyá wa, kí lẹ fẹ́ kó wà nínú ẹ̀?

Ìbéèrè yẹn dùn mọ́ mi nínú. Ọ̀pọ̀ nǹkan ni wọ́n ń ṣe fún ọlọ́jà tí ẹnikẹ́ni ò bi ọlọ́jà léèrè. Wọn á kọ́ ìsọ̀, wọn ò ní bi wá ibi tí àgbàrá ń gbà. Télọ̀ tí kò wọn èèyàn kó tó gé aṣọ, ṣé aṣọ yẹn á bá a mu? Àwọn ọmọ yìí mú téèpù wá. Ẹ jẹ́ ká dúró kí wọ́n wọ̀n wá dáadáa. Ìdí nìyí tí ìgbìmọ̀ fi ní kí n ṣàlàyé, kí ìlà kọ̀ọ̀kan lọ jíròrò, kí á lè dá wọn lóhùn ní ìpàdé tó ń bọ̀.

KÍ NI MÁSÙN-MÁWO Ń ṢE NÍNÚ ARA?

Kò sí ẹni tí mo nílò láti kọ́ ní ohun tí másùn-máwo jẹ́ níbí. Aago mẹ́rin ìdájí lẹ ti jí. Ẹ débi tí wọ́n ti ń já tòmátì, apẹ̀rẹ̀ ti gbówó lórí láti àná. Ẹ gbé e délé ọjà, oòrùn ti rọ ìdajì. Oníbàárà rà á, ó ní òun ti fi owó ránṣẹ́, álẹ́ẹ̀tì ò wọlé. Onítíkẹ́ẹ̀tì dé. Owó ilé-ìwé ọmọ ń bẹ nílẹ̀. Tó bá di ọjọ́ ìpàdé àwọn tó yá wa lówó, ìyẹn owó tí àwa fúnra wa sọ ní gbọ́mú-lé-láńtà, bí ẹ bá gbọ́ ohùn òṣìṣẹ́ wọn lókèèrè báyìí, àyà yín á já.

Àyà tó já yẹn, ẹ jẹ́ ká dúró lé e lórí. Bí ẹ̀rù bá ba èèyàn, ara máa ń múra bíi ti ẹni tó fẹ́ jà tàbí tó fẹ́ sá. Ọkàn á máa lù kìkì, ẹ̀jẹ̀ á ru sókè, èémí á kúrú, iṣan ọrùn àti èjìká á le. Ó dára bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ wá gbá yín, ara tó bá múra ni yóò fi sáré. Ọkọ̀ á kọjá, ara á sì rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n gbèsè kì í kọjá bíi ọkọ̀. Ó ń bẹ níbẹ̀ láàárọ̀, ó ń bẹ níbẹ̀ lálẹ́. Ara wa wá wà ní ìdúró tọ̀sán tòru, kò ráyè jókòó. Ibẹ̀ ni orí fífọ́ ti ń wá, àìróorunsùn, inú rírun, ìbínú òjijì sí ọmọ tí kò ṣẹ̀ wá. Àìsùn yẹn, ìrònú yẹn, iyọ̀ tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ, gbogbo wọn a máa bá ẹ̀jẹ̀ ríru ṣọ̀rẹ́. Bí wọ́n bá sì wọn ẹ̀jẹ̀ yín nígbà tó ju ẹyọ kan lọ, tó ń jẹ́ 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ẹlòmíì ní in, kò sì ní mọ̀ ọ́n lára rárá.

Ohun kejì tí mo fẹ́ ká gbà ni pé másùn-máwo kì í ṣe wèrè. Lórílẹ̀-èdè Zimbabwe, àwọn ẹ̀yà Shona ní ọ̀rọ̀ kan fún un, wọ́n ń pè é ní kufungisisa. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni ìrònú àpọ̀jù. Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ tiwa náà nìyẹn? Ẹni tó ń ronú jù, a ò ní sá fún un. A ò sì ní máa nawọ́ sí i lẹ́yìn.

ÀWỌN TÓ TI WÀ TẸ́LẸ̀ Ń KỌ́?

Áàpù irú èyí kì í ṣe tuntun láyé. Headspace bẹ̀rẹ̀ ní ìlú London ní 2010, Calm bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2012. Ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ló ń lò wọ́n, wọ́n sì ní ó ń ṣe àwọn lóore. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwa ni wọ́n ní lọ́kàn. Òyìnbó ni wọ́n ń sọ, dọ́là ni wọ́n ń gbà, wọn á sì sọ fún yín pé kí ẹ wá ibi tó parọ́rọ́ kí ẹ jókòó sí. Nínú ọjà tiwa yìí? Láàárín ẹlẹ́rọ ata àti àwọn tó ń fi gbohùngbohùn ta oògùn eku?

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ mẹ́ta wá, tí ó sún mọ́ wa ju ìyẹn lọ.

Àkọ́kọ́, Uganda. Àwọn obìnrin kan ń bẹ níbẹ̀ tí ogun lé kúrò ní South Sudan. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀ ní èdè tí àwọn obìnrin yẹn gbọ́, wọ́n sì fi ìwé alàwòrán kún un fún ẹni tí kò mọ̀wé. Wọ́n ń jókòó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, wọ́n ń gbọ́ ohùn yẹn, wọ́n sì ń ṣe ohun tó bá ní kí wọ́n ṣe. Obìnrin tó lé ní 600 ni wọ́n fi dán an wò, àwọn kan gbọ́ ẹ̀kọ́ náà, àwọn kan ò tí ì gbọ́ ọ. Èsì jáde ní 2020. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìdààmú ọkàn àwọn tó gbọ́ ọ kéré sí ti àwọn tí kò gbọ́. Ogun ò tíì tán o, ilé wọn ò tíì padà sọ́wọ́ wọn. Ọkàn wọn ló rí agbára díẹ̀ sí i láti fi gbé e.

Èkejì, Zimbabwe tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Ní 2006, dókítà kan tó ń jẹ́ Dixon Chibanda fẹ́ ran àwọn ará Mbare lọ́wọ́, ní ìlú Harare. Kò sí yàrá fún un, kò sí nọ́ọ̀sì tó ráyè. Ìyá àgbà mẹ́rìnlá ló rí. Ó kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe máa jókòó ti èèyàn lórí bẹ́ǹṣì igi níta, bí wọn yóò ṣe máa gbọ́ ìṣòro ẹ̀, kí wọ́n bá a mú ẹyọ kan nínú rẹ̀ tí àwọn lè bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ní 2016, wọ́n tẹ èsì ìdánwò tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn 24 jáde, èèyàn 573 ló wà nínú ẹ̀. Àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ti sàn gidigidi ju àwọn tí kò jókòó lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mọ́ mi jù. Dókítà ti kọ́kọ́ pe bẹ́ǹṣì yẹn ní bẹ́ǹṣì ìlera ọpọlọ. Àwọn ìyá àgbà ló ní rárá, kò sẹ́ni tó máa wá jókòó sórí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní bẹ́ǹṣì ọ̀rẹ́. Ìgbà yẹn làwọn èèyàn tó wá. Ṣé ẹ rí i? Dókítà ló mọ ìwé, ìyá àgbà ló mọ èèyàn. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè.

Ẹ̀kẹta, ilé wa níbí ni, ní Abẹ́òkúta. Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò. Kò ti àwọn tí ọkàn wọn dàrú mọ́ ilé ìwòsàn. Abúlé tó wà nítòsí ni wọ́n ń gbé, pẹ̀lú ẹbí wọn, wọ́n sì ń wá gba ìtọ́jú. Gbogbo ayé wá wò ó. Ó mọ̀ pé èèyàn laṣọ, àti pé ẹni tí ọkàn ẹ̀ ń ṣàìsàn kò gbọ́dọ̀ dá wà.

OHUN TÍ MO RÒ PÉ KÍ A SỌ FÚN WỌN

Pẹ̀lú gbogbo èyí, àbá tèmi ni pé kí á gbà, ṣùgbọ́n kí á gbà pẹ̀lú àdéhùn. Àdéhùn méje nìwọ̀nyí.

1. Kó máa sọ̀rọ̀, kó má jẹ́ kìkì ìwé kíkà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ò kàwé, ẹni tó sì kà á, ojú ẹ̀ ti ń ṣú. Kí wọ́n gba ohùn ìyá kan tó gbọ́ Yorùbá sílẹ̀, Yorùbá tí à ń sọ nínú ọjà, kì í ṣe ti ẹni tó ń ka ìròyìn.

2. Kó kúrú. Oníbàárà ò ní dúró de ẹni tó ń fọkàn balẹ̀. Ohun tí èèyàn lè ṣe láàárín ìṣẹ́jú méjì ni kí wọ́n ṣe. Kó ṣeé dá dúró, kó sì ṣeé padà sí níbi tí a dé.

3. Kó dé orí fóònù alátẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wa ló ní fóònù ńlá. Bí a ṣe ń tẹ ìràwọ̀ àti nọ́ńbà láti fi wo owó wa ní báńkì, kí a lè tẹ̀ ẹ́ báyẹn, tàbí kí a pe nọ́ńbà kan kí ohùn yẹn dá wa lóhùn lọ́fẹ̀ẹ́. Ti orí fóònù ńlá náà, kó máa ṣiṣẹ́ bí dátà bá tán. Áàpù ìfọ̀kànbalẹ̀ tó ń jẹ dátà, másùn-máwo mìíràn ni.

4. Kó pa àṣírí mọ́. Èyí ló ká mi lára jù. Ẹ̀yin náà mọ àwọn áàpù tó ń yáni lówó, tí wọn á wọ inú fóònù, tí wọn á kó nọ́ńbà gbogbo ẹbí àti àna, tí wọn á wá máa fi àwòrán ẹni ránṣẹ́ pé gbájú-ẹ̀ ni. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, ní 2023, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, FTC, mú kí iléeṣẹ́ BetterHelp san mílíọ̀nù 7.8 dọ́là. Ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń bá olùdámọ̀ràn sọ ìṣòro ọkàn wọn. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn wọ́n ni pé wọ́n ṣèlérí àṣírí, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ ìlera àwọn èèyàn yẹn ránṣẹ́ sí Facebook àti àwọn mìíràn láti fi polówó. Nítorí náà, kí áàpù tiwa má bèèrè orúkọ, kó má wo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù wa, kó má bèèrè ohun tó kan báńkì. Òfin tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ ara ẹni ti wà ní Nàìjíríà láti oṣù kẹfà ọdún 2023. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ pé àwọn á tẹ̀lé e. Kí wọ́n sì rántí pé ọmọ àti ọkọ a máa mú fóònù wa. Ohun tí a bá sọ sínú ẹ̀, kó ṣeé pa rẹ́ lẹ́sẹ̀ kan náà.

5. Kó má máa bá wa wí. Mo gbọ́ pé àwọn kan a máa ka ọjọ́, bí o bá fo ọjọ́ kan, wọ́n á ní o ti pàdánù. Àwa tí a ń sanwó ọ̀sẹ̀, a ti ní ẹni tó ń kàjọ́ fún wa, a ò fẹ́ ẹlòmíì. Ìgbà tí èèyàn bá padà dé, kó kí i káàbọ̀.

6. Kó mọ ibi tí agbára ẹ̀ mọ. Bí ẹnì kan bá sọ fún un pé ayé ti sú òun, pé òun fẹ́ kú, kí ó má sọ fún un pé kó máa mí. Kó so ó pọ̀ mọ́ èèyàn gidi, lójú ẹsẹ̀, ẹni tí a ti yàn tẹ́lẹ̀ tó sì mọ ọ̀nà ọsibítù. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, òfin ìlera ọpọlọ tuntun dé Nàìjíríà, ó rọ́pò òfin àtijọ́ tó ń pe àwọn aláìsàn yìí ní wèrè. Ẹ̀tọ́ ìtọ́jú àti ọ̀wọ̀ wà nínú ẹ̀. Kí áàpù náà sọ ìyẹn fún wa.

7. Kí wọ́n sọ ẹni tí yóò máa bójú tó o. Woebot, tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2017, tó máa ń bá èèyàn fọ̀rọ̀ wérọ̀ lórí fóònù, wọ́n ti í pa ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹfà ọdún 2025. Ẹni tó ti fi í ṣe alábàárò wá ńkọ́? Bí àwọn ọmọ yìí bá ríṣẹ́ síbòmíì lọ́la, ta ni yóò dá wa lóhùn? Kí a gbọ́ èsì ìyẹn kí ẹnikẹ́ni tó gbé e sórí fóònù.

OHUN TÍ ÁÀPÙ Ò LÈ ṢE

Ẹ̀yin ìyá mi, mo fẹ́ ká sọ òdodo fún ara wa. Ẹrù tó wà lórí wa, oríṣi méjì ni. Ọ̀kan ni ti ọkàn: ìpayà, àìsùn, kí èèyàn máa ro ohun kan náà yípo yípo. Ìyẹn ni áàpù lè bá wa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Èkejì ni ti àpò: èlé, owó ìsọ̀, ọjà tó bàjẹ́. Bí èèyàn bá mí sínú mí síta láti àárọ̀ dalẹ́, gbọ́mú-lé-láńtà ò ní fi kọ́bọ̀ kan sílẹ̀. Bí a bá fi ẹrù àpò sílẹ̀, tí a ń fi ohùn dídùn pa ẹni tó rù ú lọ́kàn mọ́, a ò tíì ràn án lọ́wọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ ìgbìmọ̀ pé kí ọ̀rọ̀ owó àjọ́sọ wa àti ètò ìyánilówó ẹgbẹ́ má kúrò lórí tábìlì nítorí áàpù. Kí méjèèjì jọ máa rìn. Ẹni tó bá bá áàpù sọ pé gbèsè ló ń pa òun, kí ó lè tọ́ka sí ọ̀dọ̀ olùtọ́jú àpò ẹgbẹ́, bí ẹni náà bá fẹ́.

OHUN TÍ A LÈ BẸ̀RẸ̀ LÓNÌÍ

A ò ní jókòó máa dúró de kọ̀ǹpútà. Ohun mẹ́ta ń bẹ tí kò gba dátà.

Ìkíní, mímí. Níbi tí ẹ jókòó sí yìí, ẹ fi àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀ dáadáa. Ẹ fa èémí sínú láti imú, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ẹ rọra tú u jáde láti ẹnu, ẹ kà á dé ẹ̀fà. Kí ìtújáde pẹ́ ju ìfàsínú lọ. Ẹ wo ohun mẹ́ta tó wà níwájú yín, ẹ dárúkọ wọn nínú ọkàn: atẹ, agbòòrùn, igbá. Ẹ ṣe é ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ọkàn tó ń sáré á rọra rìn. Ẹ lè ṣe é nígbà tí oníbàárà ń ná ọjà, kò ní mọ̀.

Ìkejì, kí a wọn ẹ̀jẹ̀ wa. Mo dábàá pé kí ẹgbẹ́ ra ẹ̀rọ ìwọ̀nfúnpá kan, kí a bẹ nọ́ọ̀sì láti ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ kó máa wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ní ọjọ́ ìpàdé. Ẹni tí tiẹ̀ bá ga, kó lọ sí ọsibítù, kó má lọ ra oògùn lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri. Ẹni tí wọ́n sì ti fún ní oògùn, kó má dá a dúró nítorí pé ara ti yá.

Ìkẹta, bẹ́ǹṣì. Kí ìlà kọ̀ọ̀kan yan ìyá méjì, ẹni tó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ kó má tún un sọ. Ẹ mọ̀ wọ́n, ẹ ò nílò kí n dárúkọ. Bí ọ̀rọ̀ bá wúwo fún ẹnikẹ́ni, kó lọ jókòó tì wọ́n lẹ́yìn ọjà. Wọn ò ní dájọ́, wọn ò ní wàásù, wọn ò ní sọ pé "ti tèmi gan-an ló burú jù." Wọn á bèèrè pé, nínú gbogbo èyí, èwo la lè kọ́kọ́ tú? Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ a bá a dákẹ́. Ẹni tó bá sì tú àṣírí ẹni tó fọkàn tán an, kí ẹgbẹ́ yọ ọ́ kúrò lórí bẹ́ǹṣì, kò ní ẹ̀bẹ̀. Bí áàpù bá dé lọ́la, àwọn ìyá wọ̀nyí ni yóò so àwọn èèyàn mọ́. Bí áàpù bá sì kú, bẹ́ǹṣì ṣì wà níbẹ̀.

Ní ìparí, kí olórí ìlà kọ̀ọ̀kan ka àdéhùn méje yìí sí etí àwọn èèyàn ẹ̀, pàápàá àwọn tí kò lè kà á. Kí wọ́n yọ èyí tí kò bá wa mu, kí wọ́n fi èyí tí mo gbàgbé kún un. Kí wọ́n mú orúkọ ìyá méjì méjì wá. Kí wọ́n sì bi àwọn èèyàn wọn pé, orúkọ wo ni kí á sọ áàpù náà? Ẹ rántí bẹ́ǹṣì ìlú Harare, orúkọ ló mú kí àwọn èèyàn wá jókòó.

Ìpàdé tó ń bọ̀ la óò dìbò. Ẹ má rán ọmọ wá, ẹ fúnra yín wá. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

 

Akọ̀wé Ẹgbẹ́